Bí ológìnní bá re àjò, ilé a di ilé èkúté

Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sọ òótọ́ ọ̀rọ̀. Lóṣù kẹjọ ọdún 2025, ìròyìn kàn pé àwọn aṣòfin ẹgbẹ́ Democrat ní ìpínlẹ̀ Texas, nílẹ̀ Amẹ́ríkà, ti palẹ̀ ẹrù wọn mọ́, wọ́n ti gba ìpínlẹ̀ Illinois lọ, kí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn má baà rí èèyàn tó láti jókòó. Inú àwọn kan dùn nílẹ̀ Rẹ́mọ níbí. Mo gbọ́ ọ ní Ṣágámù, mo gbọ́ ọ ní Ìkẹ́nnẹ́: "Irú aṣòfin tí à ń wá nìyẹn! Tí gómìnà bá gbé àbá burúkú dé, káwọn tiwa náà fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ kúrò l'Ógùn, ká wo bí yóò ṣe kọjá."

Mo ní ẹ rọra o. Ohun tí ẹ pè ní oògùn yẹn, májèlé ni tí wọ́n bá lò ó l'Abẹ́òkúta. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé.

Ní Texas, aṣòfin 150 ló wà nílé kékeré wọn. Òfin wọn ní ó kéré tán, 100 gbọ́dọ̀ wà níkàlẹ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, bí àwọn tó kéré níye bá ju 50 lọ, tí wọ́n sì jáde, ilé dákẹ́ nìyẹn. Wọ́n ṣe é lọ́dún 2003, wọ́n sá lọ sí Oklahoma. Wọ́n ṣe é lọ́dún 2021, wọ́n lọ sí Washington. Ti 2025 yìí, orí àwòrán àgbègbè ìdìbò ni, èyí tí ẹgbẹ́ Republican fẹ́ fi wá àga márùn-ún sí i nílé aṣòfin àpapọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n lọ mú wọn wá, wọ́n ní ẹni tí kò bá wá yóò máa san dọ́là 500 lójúmọ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n padà sílé. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí àbá náà fi kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sá, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta náà ni ohun tí wọ́n sá fún padà di òfin. Níbi tí òfin ti gbè wọ́n gan-an rèé o.

Tiwa wá ńkọ́? Abala 96 nínú ìwé òfin Nàìjíríà ọdún 1999 sọ pé ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn aṣòfin ìpínlẹ̀ ti tó láti jókòó. Àga 26 ló wà l'Ókè-Mosàn. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, èèyàn mẹ́sàn-án ni. Bí aṣòfin 17 bá kó lọ sí Kùtọnu lónìí, àwọn mẹ́sàn-án tó kù lè ṣílẹ̀kùn, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Abala 98 tún ní ẹni tó wà níbẹ̀ tó sì dìbò ni wọn yóò kà. Nínú mẹ́sàn-án, márùn-ún ló pọ̀ jù. Èèyàn márùn-ún péré lè fọwọ́ sí ìṣúná owó gbogbo ìpínlẹ̀ Ògùn, látorí Ìṣarà títí dé Ìmẹ̀kọ. Ṣé ẹ ti wá rí i?

Kì í ṣe àlá. Ojú wa ló ṣe é. Lọ́dún 2010, nígbà tí ọmọ Ṣágámù wa, Ọ̀túnba Gbénga Daniel, wà nípò gómìnà, ilé aṣòfin Ògùn pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì 100 bílíọ̀nù náírà wà lára ohun tó dá ìjà sílẹ̀. Àwọn 15 kọ̀ jálẹ̀, orúkọ tí gbogbo ayé sì mọ̀ wọ́n sí ni G-15. Lọ́jọ́ kẹfà oṣù kẹsàn-án ọdún náà, aṣòfin mẹ́sàn-án jókòó láìsí àwọn yẹn. Wọ́n ní kí àwọn 15 lọ rọ́kún nílé, wọ́n yọ abẹnugan wọn, Túnjí Ẹgbẹ́tókun, wọ́n sì fi Sóyẹmí Coker sípò.

Ẹ ka mẹ́sàn-án yẹn dáadáa. Iye tí òfin ní ó tó láti jókòó ni wọ́n pé, kò lé, kò dín. Àmọ́ abala 92 ní ìdá méjì nínú mẹ́ta, ìyẹn 18, ló lè yọ abẹnugan. Wọ́n tó láti jókòó, wọn ò tó láti yọ ọ́. Ṣùgbọ́n kó tó di pé ẹnikẹ́ni jiyàn òfin tán, ọlọ́pàá ti ti ilé náà pa, ó sì di ọ̀rọ̀ ọ̀pọ̀ oṣù. Mi ò ní àwọn 15 sá o. Ohun tí mò ń sọ ni pé wọn ò sí níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, ìyẹn nìkan sì ti tó.

Ti Èkìtì tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lóṣù kọkànlá ọdún 2014, aṣòfin méje nínú 26 jókòó, wọ́n ní àwọn yọ abẹnugan Adéwálé Omírìn. Méje ò tiẹ̀ tó mẹ́sàn-án! Àwọn APC 19 tó kù ní ẹ̀mí àwọn ò dè, wọ́n lọ ń gbé l'Ékòó. Nígbà tí wọ́n fẹ́ padà wọ Adó-Èkìtì lóṣù kẹrin ọdún 2015 láti bá Gómìnà Fáyóṣé fà á, àwọn alátìlẹ́yìn gómìnà dí ọ̀nà mọ́ wọn. Oṣù yẹn náà ni ìbò dé, PDP sì kó gbogbo àga 26.

Ohun tó yẹ ká rí kọ́ nìyí. Ní Texas, àwọn tó kéré níye ló ń sá, torí kò sí ohun mìíràn lọ́wọ́ wọn. Níhìn-ín, àwọn tó pọ̀ jù ló máa ń bá ara wọn lóde: 15 nínú 26, 19 nínú 26. Iye wọn nìkan ni ohun ìjà wọn, inú ilé yẹn nìkan ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti jáde, wọ́n ti jù ú sílẹ̀ fún ọ̀tá. Abala 109 tún ní ẹni tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó ọdún kan jẹ láìní ìdí tó tọ́ lè pàdánù àga rẹ̀. Ọjọ́ 181 ni ilé gbọ́dọ̀ jókòó lọ́dún, ó kéré tán. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀.

Ẹnìkan lè ní, "Àbí kí wọ́n jókòó káwọn tọ́ọ̀gì pa wọ́n ni?" Ọ̀rọ̀ gidi nìyẹn, mi ò fojú di í. Kò sẹ́ni tó yẹ kó kú torí àga. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn tó fi yẹ ká tún òfin ṣe kí ìjà mìíràn tó dé. Fún ìṣúná àti owó yíyá, kí iye tó gbọ́dọ̀ jókòó ju ìdajì gbogbo aṣòfin lọ. Kí àṣẹ àti ti ẹnu ọ̀nà ilé aṣòfin má sì sí lọ́wọ́ ẹni tí gómìnà lè fóònù.

Àwa ará Rẹ́mọ gan-an kò gbọdọ̀ sùn lé ọ̀rọ̀ yìí. Ìkẹ́nnẹ́ ni ilé Olóyè Awólọ́wọ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ ló sì pọ̀ jù nílé aṣòfin Ìwọ̀ Oòrùn ní Ìbàdàn lọ́jọ́ 25 oṣù karùn-ún ọdún 1962. Àwọn tó kéré níye ju àga, ọlọ́pàá yìn tajútajú, ìjókòó fọ́n ká. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ kéde pàjáwìrì. Ibi ti ilé tí kò rí ara rẹ̀ kó jọ máa ń já sí nìyẹn.

Aṣòfin mẹ́rin la ní l'Ókè-Mosàn: méjì láti Ṣágámù, ọ̀kan láti Ìkẹ́nnẹ́, ọ̀kan láti Àríwá Rẹ́mọ. Ọmọ Ìpẹru ni Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún, torí náà ẹnìkan lè rò pé kò kàn wá. Agbára kì í dúró sójú kan o jàre. Kí ìbò 2027 tó dé, ẹ bi àwọn tó ń tọrọ ìbò yín: ọjọ́ mélòó lẹ máa jókòó, ibo la sì ti máa rí ìwé tó fi hàn pé ẹ wá? Iṣẹ́ tí a bá ránni là ń jẹ́. Orí àga yẹn la rán wọn sí, a ò rán wọn sí Èkó.