Ọ́ìlì Olórúkọ Ńlá àbí Ọ́ìlì Owó Pọ́ọ́kú: Èwo Ló Yẹ Ọkọ̀ Yín?

Ní ilẹ̀ Ìbàràpá wa yìí, ọkọ̀ ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń jẹun. Òun ló ń kó gààrí àti ẹ̀gẹ́ láti Igbó-Ọrà lọ sí Abẹ́òkúta, òun ló ń gbé èrò láti Èrúwà lọ sí Ìbàdàn. Bí ẹ́ńjìnì bá nọ́ọ̀kì, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ ló sábà máa ń bá a lọ. Ṣé ọ́ìlì olówó gọbọi tí gbogbo ayé mọ orúkọ rẹ̀ ni ká máa rà ni, àbí èyí tí owó rẹ̀ wálẹ̀?

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé orúkọ kọ́ ló ń dáàbò bo ẹ́ńjìnì. Epo tí wọ́n fọ̀ mọ́ ni ọ́ìlì, tí wọ́n wá po èròjà mọ́ kí irin má baà máa jẹ irin, kí ìdọ̀tí má sì dì sínú ẹ́ńjìnì. Ilé-iṣẹ́ tí kò lókìkí náà lè pò ó kó pé. Ní Amẹ́ríkà, láti ọdún 1975 ni òfin ti sọ pé ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ kò gbọ́dọ̀ fi dandan mú oníbàárà ra ọ́ìlì orúkọ kan ṣoṣo kí wọ́n tó tún ọkọ̀ rẹ̀ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́ bí wọ́n ti ṣèlérí, àyàfi tí ìjọba bá yọ̀ǹda.

KÍ NI KÍ Ẹ WÒ?

1. Nọ́ńbà. Nínú 20W-50 tàbí 5W-30, nọ́ńbà tó ṣáájú W ń sọ bí ọ́ìlì ṣe ń ṣàn nígbà tí ẹ́ńjìnì tutù. Èyí tó gbẹ̀yìn ń sọ bó ṣe ki tó nígbà tó bá gbóná. Ìwé tó bá ọkọ̀ yín wá ni kí ẹ tẹ̀ lé. Ọ̀pọ̀ Toyota àti Honda tókùnbọ̀ ni ìwé wọn ń béèrè 5W-30 tàbí èyí tó ṣàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, síbẹ̀ 20W-50 là ń dà sí gbogbo wọn.

2. Lẹ́tà API. S wà fún ọkọ̀ bẹntiróòlù, C wà fún díísù. Lẹ́tà tó tẹ̀ lé S ń sọ ìgbà tí ọ́ìlì náà bá mu: SN jáde ní 2010, SP ní 2020. SF kò yẹ ọ̀pọ̀ jù lọ ẹ́ńjìnì tí wọ́n ṣe lẹ́yìn 1988, bó ti wù kí owó rẹ̀ dùn tó.

3. Àmì MANCAP ti àjọ SON lára èyí tí wọ́n ṣe ní Nàìjíríà, àti ìdérí tí ẹnikẹ́ni kò tíì ṣí.

Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé, ẹ má bẹ̀rù ọ́ìlì owó pọ́ọ́kú. Èyí tí wọ́n ń wọ̀n láti inú dúrọ́ọ̀mù, tí kò ní àmì kankan, ni kí ẹ sá fún.

OLÈ Ń JÍ ORÚKỌ

Orúkọ rere níye lórí lóòótọ́, ṣùgbọ́n òun gan-an ni àwọn oníṣẹ́ ibi ń jí. Wọ́n á ṣa kẹ́ẹ̀gì òfìfo olórúkọ ńlá, wọ́n á rọ ọ́ìlì tí ọkọ̀ ẹlòmíràn ti lò sí i, wọ́n á sì tà á ní owó gidi. Nítorí náà, lọ́dọ̀ ẹni tí ẹ mọ̀ ni kí ẹ ti rà á. Bí mẹ́káníìkì bá dà á tán, ẹ fi ọ̀bẹ la kẹ́ẹ̀gì náà kí ẹ tó jù ú nù.

Lékè gbogbo rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ọ́ìlì àti fíltà lásìkò, nítorí eruku àti ẹrù wúwo kì í jẹ́ kó pẹ́. Ẹ máa fa géèjì wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ọ́ìlì olówó pọ́ọ́kú tó pé ìwọ̀n, tí ẹ pààrọ̀ lásìkò, sàn ju olórúkọ ńlá tó ti dúdú bí èédú nínú ẹ́ńjìnì lọ.