Ṣé O Mọ̀? Agbáwo Tó Lo Ọjọ́ 133 Lójú Agbami

Ṣé o mọ̀ pé ẹni tó dá nìkan lo ọjọ́ 133 lórí pákó lójú òkun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì kì í ṣe sójà, tí kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ omi í wẹ̀? Poon Lim lorúkọ rẹ̀, ọmọ erékùṣù Hainan ní Ṣáínà. Agbáwo ni nínú ọkọ̀ akẹ́rù àwọn Gẹ̀ẹ́sì kan, Benlomond.

Cape Town ni wọ́n ti gbéra, Paramaribo ni wọ́n ń lọ. Ní ọjọ́ 23, oṣù Kọkànlá 1942, ọkọ̀ abẹ́ omi àwọn ará Jámánì fi tọpídò fọ́ wọn. Ènìyàn 54 ló wà nínú ọkọ̀; òun nìkan ló yè.

Ṣé o mọ̀ pé títí di 1941, ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù Gẹ̀ẹ́sì bá rì ni owó iṣẹ́ àwọn atukọ̀ rẹ̀ ń dúró? Ẹni tó ń jà kó má kú sómi, wọ́n ní kò sí lẹ́nu iṣẹ́ mọ́!

Pákó tí Poon Lim rí gùn lé kò ju ẹsẹ̀ bàtà 8 ní ìró àti ìbú. Bisikíìtì, ṣúgà, omi díẹ̀ àti tọ́ọ̀ṣì wà lórí rẹ̀. Nígbà tí oúnjẹ fẹ́ tán, ó tú tọ́ọ̀ṣì, ó yọ wáyà inú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó di ìwọ̀. Ó tú okùn pákó sí tẹ́ẹ́rẹ́, ó fi so ìwọ̀ náà. Nígbà tó fẹ́ ẹja ńlá, ó yọ ìṣó lára pákó, ó fi ṣe ìwọ̀ mìíràn. Agolo bisikíìtì ló fi ṣe ọ̀bẹ. Ó la ẹja, ó sì sá a sóòrùn. Ẹ̀wù tó mú un léfòó ló tẹ́ gba omi òjò. Kí omi má baà gbé e lọ, ó fi okùn so ara rẹ̀ mọ́ pákó.

Ekurá ńkọ́? Ó pa ọ̀kan. Kẹ́ẹ̀gì omi ló fi lù ú títí tó fi kú, ó fa ẹ̀jẹ̀ inú ẹ̀dọ̀ rẹ̀ mu nítorí òùngbẹ, ó sì sá lẹbẹ́ rẹ̀, oúnjẹ aládùn nílé wọn ní Hainan.

Ṣé o mọ̀ pé ọkọ̀ akẹ́rù kan kọjá níwájú rẹ̀, tí kò dúró? Òun gbà pé torí òun jẹ́ ará Ṣáínà ni. Àwọn apẹja Brazil mẹ́ta ló gbé e ní oṣù Kẹrin 1943, tí wọ́n mú un dé Belém. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn.

Ọba George Kẹfà fún un ní àmì ẹ̀yẹ. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọgbọ́n tó dá sínú ìwé ìkọ́ni wọn. Nígbà tí wọ́n sọ fún un pé kò sẹ́ni tó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ rí, ó ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kó di dandan fún ẹnikẹ́ni láti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìyìn yẹn kò dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Ṣáínà ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ní 1945 sí 1946, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì rọra kó ọ̀pọ̀ atukọ̀ ará Ṣáínà kúrò ní Liverpool. Àwọn aya tó wà níbẹ̀ rò pé ọkọ wọn já àwọn sílẹ̀ ni. Lójú tèmi, ìwà àìmoore gbáà ni.

Poon Lim ní tirẹ̀ fẹ́ wọ Amẹ́ríkà. Ṣé o mọ̀ pé ènìyàn 105 péré ni òfin ibẹ̀ ń gbà láti inú àwọn ará Ṣáínà lọ́dún nígbà náà? Sẹ́nétọ̀ Warren Magnuson ló bá a là á já. Ó fẹ́ di ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, ṣùgbọ́n wọ́n kọ̀ ọ́: wọ́n ní àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ.

Èmi ì bá ti sá fún òkun títí ayé. Òun padà síbẹ̀, sínú ọkọ̀ iléeṣẹ́ United States Lines, ó tún ń gbáwo. Olórí àwọn agbáwo ni nígbà tó fẹ̀yìntì ní 1983. Brooklyn ló kú sí, ní 1991.