Ìrìn Tó Ń Yí Padà Díẹ̀díẹ̀

A máa ń rí ẹni tí kò tíì pé àádọ́ta ọdún tó ti ń kírun lórí àga, torí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti le, kò ṣeé forí kanlẹ̀ mọ́. Wọ́n á ní làkúrègbé ni, tàbí pé ayé ló ṣe é. Wọ́n á wá ra oògùn ara ríro lọ́wọ́ àwa apoògùn, síbẹ̀ ìrìn náà ń burú sí i.

Ẹ wo bàtà rẹ̀. Bí iwájú bá jẹ ju ẹ̀yìn lọ, ẹsẹ̀ ń wọ́lẹ̀ ni. Bí ìtọ̀ bá tún ń gbọ̀n ọ́n lójijì, ó lè jẹ́ mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn ló ní ìṣòro, kì í ṣe orúnkún. Dókítà á kọ́kọ́ wá ohun tó wọ́pọ̀: eegun ọrùn tó ń fún un, àìtó fítámì B12, kòkòrò HIV tàbí HTLV-1.

Bí kò bá sí ìwọ̀nyí, ó kan ọ̀rọ̀ ìdílé. Oríṣi kan wà tí bàbá tàbí ìyá lè fi ran ọmọ. Bí ẹni ju owó ẹyọ sókè ni fún ọmọ kọ̀ọ̀kan. Òmíràn dà bí AS àti SS: ara òbí méjèèjì le, àmọ́ wọ́n gbé e. Nítorí náà, "kò sí i nílé wa" kò tó láti fi pa ẹjọ́ náà dé.

Ọ̀kan nínú oríṣi kejì yìí ní oògùn: cerebrotendinous xanthomatosis, tí wọ́n ń ké kúrú sí CTX. Ẹ̀dọ̀ kò lè ṣe èròjà òróòro kan tó, ọ̀rá tó ń jẹ́ cholestanol á wá kó sí ọpọlọ, ojú àti iṣan. Ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ láti kékeré, ẹyinjú tó funfun nígbà ọ̀dọ́, iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tó wú: ẹ má dúró kí dókítà bi yín kí ẹ tó sọ wọ́n. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti jíìnì ló ń fi í hàn.

Chenodeoxycholic acid ni oògùn rẹ̀. Òkúta inú òróòro ni wọ́n ń fi tọ́jú tẹ́lẹ̀; ọdún 2025 ni àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i fún CTX. Ó wọ́n gan-an, ẹ kò sì ní bá a lórí káńtà wa. Ó lè dá àrùn náà dúró, àmọ́ ohun tó ti bàjẹ́ nínú ọpọlọ kì í sábà padà bọ̀ sípò. Ìdí nìyẹn tí ọdún márùn-ún lórí oògùn làkúrègbé fi burú.

Kí ẹ tó lọ rí dókítà ọpọlọ àti iṣan, ẹ kọ ìgbà tó bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀, àti ẹni tó rìn bẹ́ẹ̀ rí nílé bàbá àti ti ìyá, àti bóyá ìbátan ni àwọn òbí. Ẹ fi fóònù ya fídíò ìrìn rẹ̀. Bí CTX bá yọ, kí àwọn ọmọ ìyá ọmọ bàbá rẹ̀ náà ṣe àyẹ̀wò, bí wọ́n tilẹ̀ ń rìn dáadáa.