Ihò kékeré, ewu ńlá: Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa 'carbon fibre' tí wọ́n fi ń ṣe drone tó ń fò ní Niamey

Drone kì í ṣe ohun tuntun mọ́ lójú ọ̀run Niamey, olú ìlú Niger. Lọ́dún 2013 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fò ó láti pápákọ̀ òfurufú ìlú náà, títí di oṣù Keje, ọdún 2024 tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ kó kúrò ní Airbase 101. Niger fúnra rẹ̀ náà ti ra Bayraktar TB2 lọ́wọ́ Turkey.

Ohun kan wà tí Reaper ti Amẹ́ríkà àti TB2 ti Turkey fi jọra: carbon fibre ló pọ̀ jù lára àwọn méjèèjì. Ó fúyẹ́, ó sì lágbára, àmọ́ ibi tí wọ́n bá ti dá a lu ni wàhálà ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Kí ló dé tí ihò fi jẹ́ ìṣòro?

Okùn dúdú tó tín-ín-rín ju irun orí lọ ni carbon fibre. Wọ́n máa ń tẹ́ ẹ ní ìpele-ìpele, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù epoxy lẹ̀ ẹ́ pọ̀, wọ́n á sì fi ooru mú un le. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á lu ihò tí bóòtù máa gbà wọlé.

Káfíńtà tó bá ti fi dírílì lu puláíwúùdù rí mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀: ojú ihò á dán, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ á ya. Bẹ́ẹ̀ náà ni carbon fibre. Tí dírílì bá ti fẹ́ yọ sódì kejì, ìpele tó kù kò nípọn mọ́. Dípò kí dírílì gé e, ńṣe ló máa ń tì í kúrò lára àwọn yòókù.

Ìpele tó ṣí báyìí lè má hàn sójú. Bí ọkọ̀ bá ṣe ń fò tó sì ń gbọ̀n, ó lè máa fẹ̀ sí i. Bí ara ihò bá rí ṣákaṣàka, bóòtù kò ní jókòó dáadáa, omi òjò náà á sì rọ́nà wọlé. Epoxy tó ti fa omi kì í lágbára mọ́ nínú ooru, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ooru Niamey máa ń ju 40°C lọ lóṣù Kẹrin.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é kó dán?

• Wọ́n máa ń lo dírílì tí wọ́n fi dáyámọ́ńdì bò, nítorí carbon fibre tètè máa ń sọ dírílì irin di kúkúńdù.

• Wọ́n máa ń dẹwọ́ tí dírílì bá ti fẹ́ yọ, wọ́n á sì fi pákó tì í lẹ́yìn.

• Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ fa eruku rẹ̀. Kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró, iná mànàmáná sì lè gba inú rẹ̀ kọjá.

• Wọ́n máa ń fi ẹ̀rọ tó ń lo ìró yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìpele kankan ti ṣí nínú.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ológun nìkan

Ìdajì ìwúwo Boeing 787 ló jẹ́ irú ohun èlò yìí, ti Airbus A350 sì jẹ́ 53%. Ọkọ̀ tí wọ́n fi ṣe kì í ṣe ohun tí àwọn tó ń jó irin lè tún ṣe lójú pópó: bí wọ́n bá lu ihò rẹ̀ bàjẹ́, wọ́n lè ní láti sọ odindi ẹ̀yà ara ọkọ̀ nù.

Láti ọdún 1963 ni ilé ẹ̀kọ́ EAMAC ní Niamey ti ń kọ́ àwọn ọmọ Áfíríkà níṣẹ́ ìdarí ọkọ̀ òfurufú àti ìmọ̀ ojú ọjọ́. Ní Casablanca, Morocco, wọ́n ti ń ṣe ẹ̀yà ara ọkọ̀ òfurufú. Owó lásán ni orílẹ̀-èdè fi ń ra drone. Àmọ́ láìsí ọwọ́ tó mọ bí wọ́n ṣe ń lu ihò kan kó dán, ẹni tó tà á náà ni wọn yóò máa gbé e padà lọ bá.