Ọjọ́ Méjì Àkọ́kọ́ Ọmọ Ọ́ísítà

Ọ́ísítà, ẹran omi tí ń gbé láàárín ìkarahun méjì tó dé mọ́ra, kì í bá ìkarahun wáyé. Òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ. Ọmọ ọ́ísítà Pàsífíìkì ní nǹkan bí ọjọ́ méjì péré láti kọ́ àkọ́kọ́. Kò tíì lè jẹun nígbà yẹn. Ọ̀rá tí ìyá rẹ̀ fi sínú ẹyin nìkan ló gbójú lé, inú omi ló sì ti ń ṣa èròjà ìkarahun. Bí omi bá di kíkan, èròjà yìí á wọ́n, iṣẹ́ á le, ọ̀rá á sì tán kí ìkarahun tó parí.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn ní ọ̀sà Netarts, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní Amẹ́ríkà. Ní 2007, àwọn ọmọ ọ́ísítà tí wọ́n ń sìn ní ibùdó Whiskey Creek bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ rẹpẹtẹ. Bakitéríà ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí, wọ́n gbógun tì í, ikú ò dáwọ́ dúró. Alan Barton tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ àti Burke Hales ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Oregon wà lára àwọn tó tọpa rẹ̀ dé inú omi gan-an. Ìwádìí wọn jáde ní 2012. Nígbà ooru, afẹ́fẹ́ àríwá a máa ti omi ojú òkun kúrò létíkun, omi tútù ìsàlẹ̀ á sì gòkè rọ́pò rẹ̀. Gáàsì kabọndáyọ́sáìdì láti ara òkú ohun abẹ̀mí tó jẹrà ti kún inú rẹ̀, èyí tí òkun ń fà mu láti inú èéfín wa sì tún gorí rẹ̀; gáàsì yìí ló ń sọ omi di kíkan.

Ohun tó wú mi lórí jù níbẹ̀ ni koríko abẹ́ omi. Bí oòrùn bá ràn, ó ń fa gáàsì náà mu, omi ọ̀sà á sì rọjú títí di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́; lóru, omi á tún di kíkan. Àwọn òṣìṣẹ́ wá ń fa omi lọ́sàn-án, wọ́n ń po sódà mọ́ ọn, àwọn ọmọ sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í yè.

Ta ni yóò wá po sódà fún àwọn tó wà lójú ọ̀sà? Olympia, ọ́ísítà ìbílẹ̀ etíkun yẹn, ní ọgbọ́n tirẹ̀. Inú ìkarahun ìyá ni àwọn ọmọ ti ń bẹ̀rẹ̀ ayé, wọn kì í sì í kánjú kọ́ tiwọn. Olùwádìí George Waldbusser àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2016 pé ìfarabalẹ̀ yìí lè máa gbà wọ́n lọ́wọ́ omi kíkan. Ó dùn mí pé irú èyí gan-an ni àwọn èèyàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kó jẹ tán ní ọ̀rúndún 19.