Fíbà ní Ìdànrè: Ọ̀nà Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Bí ilé ìwé, ilé ìwòsàn àti ọ́fíìsì tó wà ní Odòde, Aládé àti Atosin ní Ìdànrè bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà wọn so pọ̀ mọ́ra, okùn fíbà ló yẹ wọ́n. Okùn bàbà tó so kọ̀ǹpútà pọ̀ nínú ilé kò ṣé gbára lé mọ́ tó bá ti kọjá 100 mítà, ó sì ń gbé iná mànàmáná: àrá kan lè ba ẹ̀rọ tó wà ní ìkángun rẹ̀ méjèèjì jẹ́. Dígí tẹ́ẹ́rẹ́ ni fíbà, ìmọ́lẹ̀ ló ń gba inú rẹ̀ kọjá, kì í sì í gbé iná, àfi tí wọ́n bá fi irin kún èèpo rẹ̀. Ọdún 1966 ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Charles Kao ti ṣàlàyé pé bí dígí bá mọ́ dáadáa, ìmọ́lẹ̀ á rìn jìnnà nínú rẹ̀. Iṣẹ́ yẹn ló gba ẹ̀bùn Nobel fún un lọ́dún 2009. Irú fíbà tí wọ́n ń pè ní single-mode ni kí a rà láti ìlú dé ìlú, torí ẹ̀rọ tí kò gbówó lórí lè fi í ránṣẹ́ dé 10 kìlómítà.

Ṣùgbọ́n okùn kọ́ ni ìṣòro, ilẹ̀ ni. Òkúta ló yí Odòde ká, kòtò gbígbẹ́ ló sì máa ń jẹ owó ju okùn lọ. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni tó ra ohunkóhun, kí ó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà náà: níbo ni àpáta wà, níbo ni ìjọba fẹ́ fẹ títì sí, ilẹ̀ ta ni? Níbi tí òkúta bá ti le jù, kí wọ́n fi okùn kọ́ orí òpó, kí wọ́n sì ṣọ́ra fún iná ìgbẹ́. Kí fọ́nrán inú okùn náà pọ̀ ju èyí tí a nílò lónìí lọ, nítorí kò ní fi bẹ́ẹ̀ wọ́n sí i, àtúngbẹ́ kòtò ló wọ́n.

Kókó ọ̀rọ̀ mi rèé: ọ̀nà kan kò tó. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, àwọn okùn fíbà WACS, MainOne, ACE àti SAT-3 bàjẹ́ lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, íntánẹ́ẹ̀tì sì dẹnu kọlẹ̀ fún ọ̀pọ̀ báńkì àti iléeṣẹ́ ní Nàìjíríà. Okùn mẹ́rin ni, àmọ́ agbègbè kan náà ni wọ́n gbà. Okùn Equiano tó gba ibòmíràn kò gé. Bẹ́ẹ̀ náà ni okùn méjì nínú kòtò kan: bí katakata bá kàn án, méjèèjì ló lọ. Kí okùn jáde ní Odòde, kó kan Aládé àti Atosin, kó sì gba ọ̀nà mìíràn padà, kí ọ̀rọ̀ lè yí gba apá kejì bí apá kan bá já.

Àwọn kan á ní ẹ̀rọ rédíò dín owó kù. Òótọ́ ni, ó sì yá láti gbé kalẹ̀. Àmọ́ rédíò fẹ́ kí òpó méjèèjì rí ara wọn, òkè sì dí wọn lójú. Ẹni tó bá ní kí a gbé òpó sórí òkè, kó rántí pé Òkè Ìdànrè ti wà láti ọdún 2007 nínú àkọsílẹ̀ àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí UNESCO kà sí ohun àjogúnbá ayé. Ibẹ̀ kì í ṣe ibi tí a ó fi ìkánjú ri irin mọ́. Bí owó kò bá tó fún ọ̀nà fíbà méjì, mo gbà kí rédíò jẹ́ ọ̀nà kejì títí owó yóò fi dé, kó má jẹ́ ti àkọ́kọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ máa fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ náà, ẹ béèrè àwòrán ọ̀nà méjèèjì kí ẹ tó sanwó.