Àbísílé àti Àmúnígbó: Èdè-Ìperí fún Ẹni tí Yóò Kọ́kọ́ Sin Ọ̀gà

Orúkọ méjì ni Yorùbá sábà ń pe ẹranko yìí: ọ̀gà àti agẹmọ, tí àwọn mìíràn ń pè ní alágẹmọ. Agẹmọ tún jẹ́ orúkọ òrìṣà ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Nítorí náà, ọ̀gà ni ó yẹ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Àmì ohùn orí rẹ̀ ṣe dandan, kí òǹkàwé má baà kà á sí ọ̀gá.

Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, àwọn ènìyàn ń sin ọ̀gà nínú ilé. Ẹni tí yóò túmọ̀ ìwé ìtọ́ni wọn sí Yorùbá yóò rí i pé ìṣòro náà ju ti orúkọ lọ. "Ẹran ọ̀sìn" máa ń mú ewúrẹ́ àti adìẹ wá sí ọkàn, èyí tí a ń sìn fún jíjẹ tàbí títà. Ọ̀gà kò sí lára wọn. Kò sì dà bí ajá tí ń fẹ́ kí a fọwọ́ pa òun lára. Gbígbé e lọ́wọ́ lemọ́lemọ́ a máa kó ìpayà bá a. "Ọ̀sìn ìwòran" ni ó bá a mu.

Èdè-ìperí tí ó ṣe kókó jù lọ ni èyí tí ń sọ orírun ọ̀gà. Àwọn kan jáde láti inú ẹyin lábẹ́ ìtọ́jú olùsìn. Àwọn mìíràn ni a mú láàyè nínú igbó, bí irú Chamaeleo senegalensis àti Chamaeleo gracilis tí a ti kó púpọ̀ nínú wọn láti Tógò àti Gánà lọ sí òkè òkun. Èyí tí a mú nínú igbó sábà máa ń ní aràn nínú. Òùngbẹ ìrìn àjò a ti mú un, ìpayà sì lè mú kí ó kọ oúnjẹ. Owó rẹ̀ lè kéré, ṣùgbọ́n ó lè kú kí olùsìn tuntun tó mọ ohun tí ń ṣe é.

"Ọ̀gà àbísílé" àti "ọ̀gà àmúnígbó" fi ìyàtọ̀ yìí hàn kedere, ọ̀nà kan náà ni a sì gbà ṣẹ̀dá wọn. Bí ẹnìkan bá ní ẹyin ni ọ̀gà ń yé, pé kì í bímọ, òwe ti dá a lóhùn: alágẹmọ ti bí ọmọ rẹ̀ tán, àìmọ̀ọ́jó kù sọ́wọ́ ọmọ alágẹmọ. Òfin pàápàá nílò ìyàtọ̀ náà. Àdéhùn àgbáyé tí a fọwọ́ sí ní Washington ní 1973 ti ka Chamaeleo mọ́ àwọn ẹranko tí a kò gbọdọ̀ kó kọjá ẹnu ibodè láìsí ìwé àṣẹ, ìwé náà sì ń sọ bóyá inú igbó ni a ti mú ẹranko ọ̀hún.

Nínú àwọn àbísílé, Chamaeleo calyptratus ti ilẹ̀ Yemen àti Saudi Arabia ni ó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Akọ tí ó ti lé ní oṣù mẹ́ta ni ó dára, nítorí abo a máa yé ẹyin láìrí akọ, ẹyin náà sì lè há sí i nínú. Kókó kékeré tí ó wà lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ni a fi ń mọ akọ láti kékeré. Kí ojú rẹ̀ má jìn wọnú, kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má wọ́, kí ó sì di ẹ̀ka mú ṣinṣin. Èyí tí ń sùn lọ́sàn-án sábà máa ń ṣàìsàn.

Ọ̀gà kan ṣoṣo ni ó yẹ kí ó wà nínú àgò kan, kí àgò náà sì ga tó 120 sẹ̀ńtímítà. Ó nílò iná tí ń tan irú ìtànṣán oòrùn tí ojú kò rí, èyí tí ara fi ń ṣe fítámì D, àti kálísíọ̀mù lára kòkòrò tí yóò jẹ. Orí ewé ni a ń wọ́n omi rẹ̀ sí, nítorí kì í sábà mu omi inú abọ́.

Ìwé ìtọ́ni lè sọ gbogbo èyí láìṣe olùrà láǹfààní, bí kò bá fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi bi òǹtajà léèrè kí owó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀: àbísílé ni, tàbí àmúnígbó?